Bẹ́ Ẹ Bá Fẹ́ Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Ọkọ

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ti ń ka ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Vilma Bánky fún yín. Òṣèré sinimá ni, ọmọ ilẹ̀ Hungary. Ìlú Budapest ni Samuel Goldwyn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá onísinimá, ti rí i lọ́dún 1925, tó sì mú un lọ sí Hollywood. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Òun àti òṣèré Rudolph Valentino ló jọ ṣe sinimá The Son of the Sheik lọ́dún 1926. Òun àti Ronald Colman, òṣèré míì, ṣe sinimá márùn-ún pọ̀. Nígbà yẹn, sinimá kò tíì ń sọ̀rọ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1927 ló fẹ́ Rod La Rocque, òṣèré bíi tirẹ̀, ní Beverly Hills. Goldwyn ló náwó ìyàwó ọ̀hún, Cecil B. DeMille, tó ń darí sinimá, sì ni ọ̀rẹ́ ọkọ. Ẹ má rò pé ọ̀gá kàn lawọ́ ni o. Ó ń polówó ọjà rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní àtigbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yáwó ra aṣọ ẹbí, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ̀yìn èyí ni sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Àwọn kan ní bí èdè Hungary ṣe ń fa ahọ́n rẹ̀ ló lé e nídìí iṣẹ́. Ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ Vilma ti sọ ọ́ nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì ń tà, pé òun máa fi sinimá sílẹ̀ kóun di ìyàwó ilé Rod. Sinimá tó ṣe kẹ́yìn, ní Yúróòpù ni, lọ́dún 1932.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ pé òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkọ ló ní bó ò bá fiṣẹ́ sílẹ̀ òun ò fẹ́ ọ mọ́, ẹ jọ jókòó kẹ́ ẹ tó lọ kóòtù, kó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Mo mọ obìnrin tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì títí tó fi darúgbó. Kò sí ìjà kan nílé wọn, ì báà ṣe lórí iyọ̀, tí kì í padà síbẹ̀.

Ọdún méjìlélógójì ni Vilma àti Rod lò pọ̀, títí Rod fi kú lọ́dún 1969. Wọn ò bímọ. Ẹ mọ ohun táwọn ẹbí ọkọ ì bá ti máa sọ níhìn-ín! Rod náà padà fi sinimá sílẹ̀, ó ń bá wọn ta ilé àti ilẹ̀. Vilma mú gọ́ọ̀fù ní ọ̀kúnkúndùn, ó sì ń bá wọn díje. Kò jókòó tẹtẹrẹ máa wojú ọkọ.

Ohun kan ló dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1991 ló kú, ó di 1992 kí ayé tó gbọ́. Gbogbo àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa bára yín ṣọ̀rẹ́ kọjá ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ máa dá èsúsú yín lórúkọ ara yín, kí ọkọ sì mọ̀ pé ẹ ń dá a.