Ìkìlọ̀ fún Onímọ́tò: Ẹ Wo Ẹnu Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Ra Táyà

Táyà méjì lè dúró ti ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ 195/65R15 sára ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ 195R15C sára èkejì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kánjú yóò rí 195, yóò rí 15, yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ti àkọ́kọ́, táyà Corolla àti irú ọkọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́mbà ẹrù tó sábà máa ń wà lára rẹ̀ ni 91, ìyẹn ni pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 615 lọ. Èkejì ni táyà bọ́ọ̀sì Hiace. 106 ló máa ń wà lára tirẹ̀, kílò 950 sì ni agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà Corolla mẹ́rin kò lè gbé ju kílò 2,460 lọ. Hiace fúnra rẹ̀, kí èrò kankan tó wọ inú rẹ̀, ti sún mọ́ kílò 2,000. Ẹ wá kó èèyàn mẹ́rìnlá sí i, kí ẹ ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 70: kílò 980 nìyẹn lórí ti tẹ́lẹ̀. A ò tíì dárúkọ àpò gàrí tó wà lábẹ́ àga, a ò tíì dé búùtù. Táyà ọkọ̀ ilé ni wọ́n ní kó gbé gbogbo èyí láti Ìbàdàn dé Ìlọrin nínú oòrùn ọ̀sán.

Táyà tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù kì í ké gbàjarè kó tó bẹ́. Bó ṣe ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, tá sì tún máa nà. Títẹ̀ àti nínà yìí ló ń mú un gbóná, ooru náà ló sì ń já rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tú lórí eré. Kò sí ipò tí èèyàn wà tí táyà ń mọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọkùnrin kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí à ń pè ní Road Safety, ní eré àsápajúdé ni, àti táyà tó bẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo onímọ́tò fi sọ́kàn ni pé nọ́mbà táyà tó tọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀ kò sí lẹ́nu fọkanáísà, kò sì sí lára táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà báyìí. Ẹnu ilẹ̀kùn ló wà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó irin tí ilẹ̀kùn náà máa ń há mọ́ nígbà tí ẹ bá tì í. Bébà pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ya táyà kékeré sí. Ó sọ nọ́mbà táyà iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti sípéà, ó sì sọ iye afẹ́fẹ́ tí ẹ ó fà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọkọ̀ Jámánì bíi Volkswagen àti Mercedes, ẹ lè bá a lẹ́yìn ìdérí ibi tí à ń bu epo sí.

Kí ló dé tí a kò fi lè wo táyà ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí a sì ra irú rẹ̀? Nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wà. Ó ti lo ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ wa, olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ lè ti pààrọ̀ ríìmù nítorí fáàrí, ẹni tó tà á fún wa sì lè ti yọ táyà gidi, kó fi èyí tó bá rí dípò. Ẹ wo Camry 2007, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Muscle. Èyí tí wọ́n kọ LE sí lẹ́yìn, 215/60R16 ni táyà rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ SE sí, 215/55R17 ni. Ọdún kan náà, orúkọ kan náà, táyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́jà tó ní òun fẹ́ táyà Camry kò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa náà ń dá kún un. Bí wọ́n bá ń kun ọkọ̀, wọ́n a fọ́n ọ̀dà lé bébà yẹn lórí, kò sì ní ṣeé kà mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ọkọ̀ yín tó wọ ọgbà wọn, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ sórí fóònù yín. Bí ó bá ti bàjẹ́, ìwé tó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé iṣẹ́ yóò sọ ọ́. Bí ìyẹn náà kò bá sí, ẹ wá irú ọkọ̀ yín gan-an, ọdún kan náà, lẹ́tà ẹ̀yìn kan náà, kí ẹ ka ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ síbi táyà kan, ẹ fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a jọ kà á. 195/65R15 91H. 195 ni fífẹ̀ táyà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 65 kì í ṣe mìlímítà. Ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà láti etí ríìmù dé ojú tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 127. Ibí yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí wọ́n rò pé 65 kan náà ni níbi gbogbo, nígbà tó jẹ́ pé 65 lórí 205 ga ju 65 lórí 195 lọ. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú lórí rẹ̀. 15 ni gíga ríìmù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, íńṣì ni. Táyà 15 kò gbọdọ̀ gun ríìmù 16, bí ọṣẹ tí wọ́n fi pa etí rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó. Fọkanáísà tó bá ń fi afẹ́fẹ́ tì í wọlé ń fi ara rẹ̀ wewu.

Ẹ rò ó wò lára Corolla. 195/65R15 ga tó mìlímítà 634 láti ilẹ̀ dé òkè. Corolla mìíràn wà tó ń lo 205/55R16, òun sì ga tó 632. Ríìmù pọ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà kúrú sí i, gíga wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé 185/60R15 fún yín nítorí pé ríìmù 15 náà ni, gíga rẹ̀ kò ju 603 lọ. Ọkọ̀ á wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á máa họ ilẹ̀ ní gbogbo kòtò, aago dáṣíbọọ̀dù á máa ní 100 lẹ ń sá nígbà tó jẹ́ 95. Èyí tó burú jù ni pé 84 ló sábà máa ń wà lára irú táyà bẹ́ẹ̀, kílò 500 péré. Bí ẹ bá sì lọ mú èyí tó tóbi ju bó ṣe yẹ, aago á máa purọ́ sí òdìkejì, ẹ ó máa sá ju ohun tí ẹ rí lọ, táyà á sì máa ha fẹ́ńdà nígbà tí ẹrù bá kún tàbí tí ẹ bá yí sítíárìn dópin.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni ti eré: T jẹ́ 190 kìlómítà ní wákàtí kan, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Àwọn kan á ní àwọn kò ní sá 190 láéláé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn náà ló ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó. Ẹ lè mú èyí tó ju ti ẹnu ilẹ̀kùn lọ, ti lẹ́tà àti ti ẹrù. Ẹ má mú èyí tó rẹlẹ̀ sí i.

Nọ́mbà lè tọ́ tán kí táyà náà sì ti dàgbà jù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ wo nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn Road Safety ń sọ pé ọdún mẹ́rin ni kí a lò ó mọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a rà á. Ó dùn mí pé Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop tó wà ní Ìkẹjà náà sì ṣíwọ́ kò pẹ́ sígbà náà, tó fi wá di pé táyà tòkunbọ̀ gba ọjà kan. Táyà ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò rí wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n á fi ohun dídán pa á lára títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n tilẹ̀ ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ojú rẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé kò tíì jẹ. Ẹ fi ìka yín wọ inú àwọn kòtò náà. Bí ẹ bá rí wáyà tàbí aṣọ inú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 44 tàbí 51 tó wà lára táyà ṣe òdiwọ̀n. Ibi tí táyà lè dé mọ nìyẹn. Iye tí ọkọ̀ ń fẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì máa ń sún mọ́ 32 fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí T bá ṣáájú nọ́mbà sípéà yín, táyà onígbà díẹ̀ ni: 60 ni afẹ́fẹ́ rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 80. Kò sí lára ohun tí èèyàn fi ń lọ Èkó tó fi ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò bá àwọn fọkanáísà jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́, wọ́n sì ń fi òótọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi nọ́mbà ẹnu ilẹ̀kùn han ẹni tó ń ta táyà, tó wá gbé òmíràn sílẹ̀, tó ní, “Bọ̀dá, ó máa gbà á, ẹ má worí,” ẹ ki owó yín bọ àpò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.