Bí Ẹ̀dọ̀ Bá Ń Da Orí Rú

Ẹ̀yin ọmọ mi ní ọjà aṣọ Gbági n'Íbàdàn, bí ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń bá fínra bá ń sùn lọ́sàn-án, tó ń lajú sílẹ̀ lóru, tó ń ṣi owó aṣọ kà, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò lè sẹ́ mọ́ ló dé ọpọlọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH kíá.

Lactulose, oògùn olómi dídùn, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: aláìsàn yóò máa yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, májèlé á bá a jáde. Ẹ má torí ìgbẹ́ dá a dúró o! Bí ìgbẹ́ bá pọ̀jù, dókítà ni yóò dín oògùn náà kù. Bí àìsàn náà bá tún padà, wọ́n lè fi oògùn rifaximin kún un. Oògùn oorun láti kẹ́míìsì ńkọ́? Ẹ má dán an wò.