Ta Ni Balógun?

Bí a bá gbọ́ "Balógun" lónìí, ó lè jẹ́ ọjà ńlá inú Èkó ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ orúkọ ìdílé aládùúgbò wa, tàbí oyè tí wọ́n fi bàbá kan jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n oyè ogun ni kó tó di gbogbo ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé "ọba ní ogun" ló di Balógun. "Ní ogun" di "lógun", bí "ní ọjà" ṣe ń di "lọ́jà". Nílé, àṣẹ ọba ló múlẹ̀; bí ogun bá ti jáde, Balógun ló ń pàṣẹ.

Kì í dá jà. Ọ̀tún Balógun wà, Òsì Balógun wà. Ṣẹ́ríkí ló ń ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti yá orúkọ Ṣẹ́ríkí. Ọba ni wọ́n ń fi pè ní tiwọn.

Ìbàdàn ni oyè yìí ti gbayì jù. Àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló tẹ ibẹ̀ dó, nítorí náà wọn kò bèèrè pé ọmọ ta ni ọ́ kí wọ́n tó fi ọ́ joyè. Wọ́n ń wo ohun tí o ṣe lójú ogun. Balógun Ọdẹ́rìnlọ ló kó ogun Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo ní 1840, tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Ìbíkúnlé ni Balógun nígbà ogun Ìjàyè. Nígbà tó fi máa di 1862, Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, jagunjagun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ti tú.

Àwọn òyìnbó dé, ogun abẹ́lé parí ní 1893. Iṣẹ́ tán, oyè kò tán. Ní Ìbàdàn, ìlà méjì ló ń gbé ènìyàn dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn, ọba ìlú náà: ìlà Ọ̀tún Olúbàdàn àti ìlà Balógun. Bí ìlà kan bá jẹ lónìí, èkejì ni yóò jẹ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà ní ìlà Balógun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ipò Jagun, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti darúgbó kí wọ́n tó dé òkè. Ipò Balógun ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn wà kó tó di Olúbàdàn ní 2024. Ṣọ́jà gidi ni bàbá náà sì ti jẹ́ rí, nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà.