Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà



Bí ẹ bá gbé àpò àgbàdo lọ sí ọjà, kí ni ó ń sọ iye tí ẹ ó tà á? Ẹ ó ní: «Bí àgbàdo bá pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí kò bá pọ̀, á wọ́n.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí a kì í fojú rí lórí àtẹ. Òfin ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní Abuja lè yí owó ọjà padà ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

1. Ọjà tí ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá

Ọkọ̀ ojú omi ń kó ìrẹsì wá sí Kútọnu láti Táílándì àti Íńdíà. Wọ́n ń kó ọkọ̀ àlòkù wá pẹ̀lú. Àwa nìkan kọ́ ni a ń lò ó tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá lọ sí Nàìjíríà. Kí ló dé? Bí owó ibodè bá wọ́n lọ́hùn-ún, tí ó sì kéré níhìn-ín, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà á gbà. Awakọ̀ ń jẹ níbẹ̀, alágbàrù ń jẹ níbẹ̀, olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ń jẹ níbẹ̀. Ìjọba náà ń gba owó tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin mú wá, òfin lè mú un lọ. Ní 2016, Nàìjíríà ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tí 2017 bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ọkọ̀ náà má gba ibẹ̀ mọ́.

2. Ìgbà tí ẹnu ibodè tì

Ní oṣù keje 2019, ní Niamey, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò gbogbo Áfríkà. Oṣù kejì kò tíì pé tí Nàìjíríà fi ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ní oṣù kẹjọ. Ó ní fàyàwọ́ ìrẹsì ń ba ọjà àwọn àgbẹ̀ òun jẹ́, àti pé wọ́n ń jí epo bẹntiróòlù òun kó jáde.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ oní-fàyàwọ́, wọ́n tì í mọ́ àgbẹ̀ náà. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a gbìn nílẹ̀ wa kò rí ọ̀nà kọjá. Púpọ̀ jẹrà. Lọ́hùn-ún náà, ìrẹsì wọ́n gan-an. Ohun tó bá ojú, ó bá imú.

Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí ti Sèmè. Ti Ìdí-Ìrókò, tí ó kọjú sí Ìgolo, ó di oṣù kẹrin 2022.

3. Kí ni òfin CEDEAO wí?

Ní 1975, ní Èkó, ni wọ́n dá CEDEAO sílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Òfin rẹ̀ sọ pé ohun tí a gbìn, ẹran tí a sìn, àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ wa kò gbọdọ̀ san owó ibodè láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì nínú ẹgbẹ́ náà. Iṣu, àgbàdo, ẹní, ìkòkò: gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ni ó ń fẹ́ ìwé tí ó fi ibi tí wọ́n ti ṣe é hàn.

Ìrẹsì Táílándì ńkọ́? Bí a bá tilẹ̀ yí àpò rẹ̀ padà ní Kútọnu, kò di ìrẹsì Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n 2019 kọ́ wa pé ìwé nìkan kò tó.

4. Kí ni kí a ṣe?

— Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ béèrè: ṣé ibodè ṣí? Ṣé òfin gbà á?
— Bí aṣọ́bodè bá gba owó, ẹ béèrè ìwé owó, kí ẹ sì kà á. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé.
— Ẹ má ṣe gbára lé oníbàárà kan ṣoṣo. Ẹ wá ẹni tí yóò rà á nítòsí pẹ̀lú.
— Ohun tí ó lè gbẹ, ẹ sá a. Àgbàdo gbígbẹ lè dúró de ọjà. Tòmátì tútù kò lè dúró.

Ìṣirò

Ìyá ọlọ́jà kan ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4.000 sẹ́fà. Ó san 10.000 sẹ́fà fún ọkọ̀. Ó bá ibodè ní títì. Ó ta apẹ̀rẹ̀ 8 ní 6.000 sẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù jẹrà. Èló ni ó pàdánù?

Ẹ jíròrò

Nínú ohun tí ẹ ń tà, èwo ni ó ń lọ sí òkè ibodè? Bí ibodè bá tì lọ́la, ta ni yóò rà á?