Òdòdó Inú Itẹ́ Òkú



Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ọsirélíà, òdòdó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní button wrinklewort. Ìbátan ewúro àti ebòlò wa ni. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju 35 sẹ̀ǹtímítà lọ. Orí rẹ̀ rí roboto bí bọ́tìnnì, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti èso ìyeyè.

Nígbà kan rí, ó tàn ká pápá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a tẹ ìlú Melbourne dó ní 1835, àgùntàn jẹ ẹ́, ìtúlẹ̀ hú u, ilé sì bo ilẹ̀ rẹ̀. Níbo ni èyí tí ó kù wà? Ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè, etí títì, àti itẹ́ òkú àtijọ́, irú èyí tí ó wà ní Truganina, ní ìwọ̀-oòrùn Melbourne. Ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn òkú ni ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ǹjẹ́ ewu ti tán bí? Rárá o. Ẹ kíyèsí i: òdòdó yìí kò lè dá so èso. Ìyẹ̀fun tí í mú òdòdó so gbọ́dọ̀ ti ara ẹlòmíràn wá, kòkòrò ni í sì gbé e. Bí ìyẹ̀fun náà bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá a tan pẹ́kípẹ́kí wá, ó lè kọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ̀ fún ọmọ ìyá láti fẹ́ ara wọn. Irúgbìn rẹ̀ kì í sì í bọ́ jìnnà sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí ìwọ̀nba díẹ̀ bá ṣẹ́kù, gbogbo wọn a di ẹbí kan, irúgbìn a sì dín kù. Ẹni tí ń kọjá yóò rí òdòdó tí ó tanná dáradára. Kò ní mọ̀ pé ìran rẹ̀ ń parẹ́ lọ.

Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ a máa dáná sun pápá lákòókò, kí koríko gíga má baà bò ó mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a tún hù lẹ́yìn iná. Àwọn onímọ̀ ewéko sì ti dán an wò: nígbà tí wọ́n mú ìyẹ̀fun láti agbo ńlá wá fún àwọn tí ó kù díẹ̀, èso wọn pọ̀ sí i.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ro itẹ́ òkú wa, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé àdá sókè. Kí a sì rántí pé ibi ààbò dára, ṣùgbọ́n ààbò nìkan kì í sọ ìran di púpọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ kí ó má baà kú, ẹ jẹ́ kí a tún la ọ̀nà tí yóò fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé.