Fọ̀, Wẹ̀, Ṣàn: Ọ̀rọ̀ Abọ́ Fífọ̀ Nínú Ilé Tí Kò Ní Omi Ẹ̀rọ

Abọ́ fífọ̀ nínú ilé tí kò ní omi ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní ìpele púpọ̀, èdè Yorùbá sì ti ya ọ̀rọ̀ ìṣe sọ́tọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, láti orí omi pípọn títí dé orí dídojú abọ́ dé sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lóde òní ni pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé a máa kó gbogbo ìpele wọ̀nyí jọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe fọ̀, wọn a sì tún máa kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì ohùn sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń kà á kò fi ní mọ̀ bóyá abọ́ náà mọ́ ni tàbí ó di àfọ́kù. Àdánù gidi ni èyí, nítorí pé inú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe náà gan-an ni ìmọ̀ bí a ṣe ń fi omi díẹ̀ fọ abọ́ gbogbo ilé wà: ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín họ, rẹ, fọ̀ àti ṣàn ti mọ ètò iṣẹ́ náà kí ó tó fọwọ́ kan omi.

Orúkọ omi náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú. Àwọn kan ti ń kọ omi tí ó ń sáré fún omi tí ó ń gba inú páìpù wọ ilé, àṣìlò sì ni, nítorí pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé e wá bí ó ṣe wà. Omi kì í sáré lédè Yorùbá. Ṣíṣàn ni ó ń ṣàn, bí a bá sì ní omi tí ń ṣàn, odò ni ọkàn olùgbọ́ yóò lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ará ìlú fún omi páìpù ni omi ẹ̀rọ, ibi tí ó sì ti ń jáde ni ẹnu ẹ̀rọ. Ìlú Ìbàdàn ti ní adágún omi Ẹlẹ́yẹlé láti ọdún 1942, Èkó náà sì ti ní ilé iṣẹ́ omi tirẹ̀ ní Ìjù tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ agboolé ní ìlú méjèèjì ṣì gbẹ́kẹ̀ lé kànga, òjò, àti omi tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ìyẹn ẹni tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri, tí orúkọ rẹ̀ wọ inú Yorùbá láti inú èdè Haúsá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan ni a ń wí. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú garawa.

Ọ̀nà tí omi gbà dé inú ilé ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pípọn ni a ń pọn omi láti odò, láti kànga tàbí láti ẹnu ẹ̀rọ àdúgbò wá sí ilé. Fífà ni a ń fà á bí a bá fi okùn àti péèlì gbé e jáde nínú kànga. Bíbù ni a ń bù ú láti inú àmù, ìkòkò amọ̀ ńlá tí a fi ń tọ́jú omi, tàbí láti inú dúrọ́ọ̀mù tí ó ti gba ipò àmù nínú ọ̀pọ̀ ilé. Rírọ ni a sì ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ há. Òwe tí ó ní omi ni à-bù-wẹ̀, omi ni à-bù-mu fi bù ṣáájú wẹ̀ àti mu, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó ń bu omi ni ó ń wọ̀n ọ́n. Ní àsìkò òjò, a ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, èyí tí í ṣe omi tí ń dà láti etí òrùlé, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe kì í lo èyí tí ó kọ́kọ́ dà, nítorí pé òun ni ó ń gbá eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù.

Ìpele àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà kò fẹ́ omi rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ èyí tí àwọn tí ó dàgbà sídìí omi ẹ̀rọ máa ń gbàgbé jù lọ. Fífá ni a ń fi ìka fá ọbẹ̀ tí ó kù lára abọ́. Híhọ ni a ń fi etí ṣíbí họ oúnjẹ tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Nínù ni a ń fi ewé tàbí bébà nu ọ̀rá kúrò. Ọ̀rá epo pupa tí a kò bá nù ni yóò ba gbogbo omi ọṣẹ jẹ́ láti orí abọ́ àkọ́kọ́, tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ife tí kò ní epo kankan lára tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni rírẹ. Abọ́ tí àmàlà tàbí ẹ̀bà gbẹ mọ́ kò ṣeé fi agbára fọ̀. Omi díẹ̀ ni a ń bù sí i kí ó rẹ̀ fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé bí omi inú rẹ̀ ti tán ló gbẹ, bí ó bá tún ti mu omi ni yóò tú. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé rẹ, tí a fi ń rẹ abọ́, ohùn àárín ni ó ní, ṣùgbọ́n rẹ̀, ti àárẹ̀ àti ti ohun tí ó fúnra rẹ̀ rọ̀ nínú omi, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀.

Fọ̀ gan-an ni ó ṣòro jù láti kọ dáadáa, òun ni ó sì yẹ kí a dúró tì jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní, ṣùgbọ́n òfin gírámà Yorùbá ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan tí ó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ yóò yí padà sí ohùn àárín bí àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí iṣẹ́ náà kàn, bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, Ṣadé fọ abọ́ ni a ó kọ, láìfi àmì kankan sórí fọ. Bí abọ́ bá sì ṣí lọ sí iwájú gbólóhùn, ohùn ìsàlẹ̀ á padà sí ipò rẹ̀, a ó wá kọ abọ́ ni Ṣadé fọ̀ tàbí abọ́ tí Ṣadé fọ̀. Bí arọ́pò orúkọ ni ó bá tẹ̀ lé e, fọ̀ ọ́ ni, pẹ̀lú ohùn òkè lórí arọ́pò orúkọ náà. Fọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn òkè rẹ̀ kì í yí padà níbikíbi: Ṣadé fọ́ abọ́, abọ́ tí Ṣadé fọ́, Ṣadé fọ́ ọ. Ìyàtọ̀ kan náà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ìsúnkì dá, ìyẹn kíkó ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí fáwẹ́lì kan lè jẹ: afọbọ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ abọ́ di mímọ́, afọ́bọ́ sì ni ẹni tí abọ́ kò lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí kò bá fi àmì sí èyí ti ba iṣẹ́ ẹni kan jẹ́. Òwe tí a fi ń tu ẹni tí àdánù bá nínú, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, kò ní nítumọ̀ mọ́ bí ẹnìkan bá ka fọ́ inú rẹ̀ sí fọ̀.

Àṣìṣe mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ni fọ àwọn abọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú àwọn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá kò nílò rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ ọ̀pọ̀, nítorí náà fọ abọ́ ti kó gbogbo abọ́ ilé mọ́ra. Ibi tí àwọn ti wúlò ni ibi tí a ti ń tọ́ka sí abọ́ kan pàtó, bí àwọn abọ́ tí àlejò fi jẹun. Ṣe abọ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe Yorùbá rárá bí a bá fi gbé èrò fífọ̀ jáde, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe abọ́ ni ẹni tí ó ń mọ ọ́n tàbí tí ó ń gbẹ́ ẹ.

Wẹ̀ jẹ́ ti ara ènìyàn. A ń wẹ ọmọ, a ń wẹ òkú, a sì ń wẹ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, àti pé ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ó tún yàtọ̀ sí fọ̀ ní ti pé ó lè dá dúró láìní àbọ̀: bí ẹnìkan bá ní òun ti wẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun ti fọ̀, olùgbọ́ yóò béèrè pé kí ni. Ojú kò bá ara yòókù lọ, bíbọ́ ni a ń bọ́ ojú. Kò dára, nítorí náà, kí a kọ wẹ abọ́.

Ohun èlò fífọ̀ pọ̀. Kànìnkànìn tí a fi fọ́nrán igi ṣe ni a fi ń fọ abọ́ tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò le, ewé eèpín, tí ojú rẹ̀ le bí ìyanrìn, ni a sì fi ń fọ igbá, ọpọ́n àti omorogùn. Ìyanrìn etí odò ń họ ìdí ìkòkò. Eérú ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé èròjà tí ó dàbí káún tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń pò mọ́ ọ̀rá tí yóò sì sọ díẹ̀ nínú ọ̀rá náà di ọṣẹ. Ọgbọ́n kan náà ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, tí a ń fi omi eérú èèpo kòkó pò mọ́ àdín, ìyẹn òróró ekùrọ́. Ṣùgbọ́n eérú kò dára fún ìkòkò alumíníọ́mù, nítorí pé ó ń jẹ ẹ́ lára tí yóò fi ṣú. Ní ti dúdú tí èéfín igi fi ń bo ẹ̀yìn ìkòkò, àwọn ìyálé a máa fi ọṣẹ tàbí eérú pípò ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná, dúdú náà á sì bá ọṣẹ lọ nígbà fífọ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí a má fọ̀ ọ́.

Ètò fífọ̀ ni ó ń dá omi sí. Ife ni a ń kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn náà ṣíbí, lẹ́yìn náà abọ́ tí kò lépo, lẹ́yìn náà abọ́ ọbẹ̀, ìṣaasùn àti ìkòkò sì ni ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ nínú omi ọṣẹ kan ṣoṣo. Bí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rá yóò tètè tú, ọṣẹ kò sì ní lọ púpọ̀.

Ṣíṣàn ni ó wá kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe ṣàn ní fọ̀. Fọ̀ ni ó ní ọṣẹ àti ìfirà nínú. Ṣàn ni kí omi mímọ́ gba ara ohun tí a ti fọ̀ kọjá kí ọṣẹ lè kúrò. Òfin ohùn tí ó de fọ̀ ló de òun náà: ṣan abọ́, abọ́ tí a ṣàn, ṣàn án. Báàfù méjì, ìyẹn ọpọ́n rọ́bà fífẹ̀, ni a ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A ó ri abọ́ sínú èkíní, a ó sì fi ife bu omi láti inú èkejì dà lé e lórí. Omi báàfù èkíní ni a ó tún fi rẹ ìkòkò ọjọ́ náà, kí a tó dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A tún lè ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ẹran, nítorí pé wọn kò gba ọṣẹ.

Ìdí wà tí omi ṣíṣàn fi gbọ́dọ̀ mọ́ ju omi fífọ̀ lọ. Orúkọ tí Yorùbá ń pe àrùn tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan náà ni onígbáméjì, tí àlàyé tí ó wọ́pọ̀ sì so mọ́ igbá méjì tí a ń gbé ka iwájú aláìsàn, ọ̀kan fún ohun tí ó ń bì, ọ̀kan fún ohun tí ó ń yà. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni kòkòrò àrùn náà ti ń wọ ènìyàn lára, abọ́ tí a sì fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣàn lè gbé e dé ẹnu ẹni tí omi mímu tirẹ̀ mọ́. Síse omi tí a óò fi ṣan abọ́ ọmọ ọwọ́ kì í ṣe àṣejù.

Lẹ́yìn ṣíṣàn, gbígbọ̀n ni a ń gbọn omi kúrò lára abọ́, a ó sì dojú rẹ̀ dé sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí sórí pẹpẹ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, tàbí kí a sá a sí oòrùn. Aṣọ ìnuwọ́ tí gbogbo ilé ń lò lè dá ìdọ̀tí padà sára abọ́ tí a ti fi omi iyebíye fọ̀. Dojú dé kì í sì í ṣe dé: bí a bá dé ìkòkò, ọmọrí rẹ̀ ni a gbé lé e lórí, bí a bá dojú ìkòkò dé, ẹnu rẹ̀ ni a yí sí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọdé dé ìkòkò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn ti ní kí ó há omi mọ́ inú rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.