Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọkàn Ń Tì Jáde: Ṣé Ó Péye?

Ẹ fi ìka kan ọrùn ọwọ́ yín. Ṣé ó ń lù? Tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, gbogbo ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá lù, ó ń ti bíi mílílítà 70 ẹ̀jẹ̀ jáde. Tó bá lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, 70 lọ́nà 70 jẹ́ 4,900, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5. Iye ẹ̀jẹ̀ yìí làwọn dókítà ń pè ní cardiac output.

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀? Tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún èèyàn, dókítà gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé ká fa omi sí i lára, àbí ká fún un ní oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́? Omi tó pọ̀ jù lè kún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ọ̀nà àtijọ́

Ní 1970, Swan àti Ganz gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tó ní bàlúùnù kékeré lórí. Wọ́n á tì í gba inú iṣan ńlá, bóyá ti ọrùn, á gba inú ọkàn kọjá, títí dé iṣan tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Omi tútù tí wọ́n bá fa sí i ni wọ́n fi ń ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó. Ó dáa, àmọ́ ó léwu: ó lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè ya iṣan.

Ọ̀nà tí kò gba inú ọkàn

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ọ̀nà míì. Ọ̀kan ń wo bí ìgbì ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nínú iṣan ọrùn ọwọ́. Òmíràn ń rán ìró láti inú ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn kan ń lo iná mànàmáná kékeré lórí awọ àyà. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni gbogbo wọn ń ṣe. Tí oògùn bá sún iṣan kì, ìgbì yẹn á yí padà, ẹ̀rọ sì lè ṣì í kà.

Ṣé ó wá péye?

Ní 1999, Critchley àti Critchley dábàá pé ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tuntun àti ti àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Ní 2010, Peyton àti Chong kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n yẹ̀ wò. Gbogbo wọn ló kọjá 40.

Ibi tó ń tan èèyàn jẹ nìyí: ti ìgbì ẹ̀jẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá pín gbogbo àṣìṣe rẹ̀ dọ́gba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo! Ẹ wo ìyá tó ń wọn ìrẹsì. Ó fi díẹ̀ lé ti oníbàárà àkọ́kọ́, ó yọ díẹ̀ nínú ti ìkejì. Lápapọ̀, kóńgò méjì pé. Àmọ́ ẹnì kejì ò ní jẹ nínú ìrẹsì ẹni àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aláìsàn. Tí ọ̀nà àtijọ́ bá sọ pé lítà 5, ẹ̀rọ yìí lè sọ pé 3, ó sì lè sọ pé 7. 3 á kó dókítà láyà sókè; 7 ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ká wá jù ú nù? Rárá o. Ọ̀nà àtijọ́ náà ń ṣàṣìṣe tirẹ̀. Kí dókítà máa wò ó bóyá nọ́ńbà ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, kó sì fi ìfúnpá àti ìtọ̀ aláìsàn tì í. Ẹ̀yin náà, tẹ́nì kan bá ní ẹ̀rọ kan péye "tá a bá pín in dọ́gba", ẹ bi í pé: fún ẹnì kan ṣoṣo ńkọ́?